Ẹyin Tí Wọ́n Tọ́jú Bí Obì

Ojúlé Kẹrin,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Likosi, lẹ́bàá Ṣàgámù,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Lìádì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Moyọ̀sọ́lá ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Òun ni obìnrin tó gba yàrá ẹ̀yìn ilé wa, ìyá Tìmílẹ́hìn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe sọ ọ́, kí ó má ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́, kí ó má sì fo ibi tí orúkọ tirẹ̀ bá ti wọlé. Ó ní òun ti gbọ́. A ó rí i.

Mo kí ọ o. Ṣé orúnkún rẹ ṣì ń gbé ọ dé balùwẹ̀? Etí kan tó kù ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbọ́ díẹ̀, àbí ó ti tẹ̀lé èkejì? Hàmdálátù ọmọ ọmọ rẹ tí yóò ka ìwé yìí sí ọ létí, mo kí òun náà. Hàmdálátù, kà á sókè, má sì yọ gbólóhùn kankan sílẹ̀ nítorí pé ó gbóná. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Ṣé òjò Òde Rẹ́mọ kò tíì ká páànù ẹ̀yìn ilé yín lọ? Ní ti wa níbí, a wà láàyè. Ojú mi ọ̀tún kò ríran mọ́, ti òsì ń ríran ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀. Mi ò mọ ohun tí yóò mú un wálẹ̀ nínú ilé yìí.

Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù ni pé gbogbo Likosi ni yóò gbọ́ mi kí ìwọ tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì tó láti pariwo.

Kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó bá ọ jà. Iṣẹ́ tí o rán Olúdọ̀tun, awakọ̀ tó ń ná Òde Rẹ́mọ sí Ṣàgámù, ó jẹ́ ẹ fún mi. Ọjọ́ kejì Iléyá ló yà sọ́dọ̀ wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, àbúrò yín ní kí n sọ fún yín pé ẹyin tí ẹ fi rán mi nínú Àwẹ̀ dùn gan-an. Wọ́n ní àwọn fi ṣe sààrì títí Àwẹ̀ fi pin. Ìkankan ò bàjẹ́, ìkankan ò rùn. Wọ́n ní kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́."

Orí odó ni mo jókòó lé nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo ní, "Òmíràn kẹ̀? Ìdí ta ni n ó ti yọ ọ́?"

Olúdọ̀tun rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣe àwàdà.

Lìádì, mi ò ní adìẹ mọ́. Ìyẹ́ kan kò kù. Láti ìgbà ìtúnu Àwẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ, nítorí pé gbogbo Likosi gbà pé ẹ̀gbin ni mo ń fún wọn jẹ, pé ẹ̀gbin náà ló wọ inú ẹyin. Ìwọ sì wà ní Òde Rẹ́mọ, o ń jẹ nínú ẹyin kan náà, ẹyin ọjọ́ kan náà, o ń lá ẹnu, o ò sì ránṣẹ́ títí Iléyá fi dé. Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Mo bínú sí ọ síbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹlẹ́rìí ni mo fẹ́ kí o jẹ́, ẹlẹ́rìí tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

O mọ bí mo ṣe ń bọ́ wọn. Àgbàdo fífọ́ ni, eèrí ògì, èèpo pákí tó ti gbẹ dáadáa, àti ewé tẹ̀tẹ̀. Ní òwúrọ̀, mo máa ń lọ kó ikán fún wọn. Pòpórò àgbàdo ni mo ń dì sínú ìkòkò tó ti sán, n ó wá dojú rẹ̀ dé orí ilé ikán lábẹ́ àwọn igi obì lẹ́yìn ilé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ikán ti kún inú rẹ̀. Bí ìyá wa ti ń ṣe é nìyẹn. Adìẹ tó bá rí ewé jẹ, pupa ẹyin rẹ̀ a pọ́n bí epo. Èyí tí wọ́n sé mọ́ inú wáyà, tó ń jẹ oúnjẹ àpò lójoojúmọ́, pupa ẹyin rẹ̀ a ṣá bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọn tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi mọ ìyàtọ̀. Láti Ṣàgámù ni àwọn kan ti ń wá. Ìyá Ẹlẹ́yin ni wọ́n ń pè mí. Ìdírísù ọmọ mi tí o rí yìí, tó ti di gbajúmọ̀ oníobì, "ọmọ Ìyá Ẹlẹ́yin" ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àgbàdo wọ́n, Ìdírísù ra oúnjẹ adìẹ kan wá láti Ṣàgámù. Ẹja ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹni pé omi pańla la fi sè é. Mo da oúnjẹ náà nù. Mo lọ bá àwọn oníbàárà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n má bínú, oúnjẹ ni, ohun tí adìẹ bá jẹ ni ẹyin rẹ̀ ń sọ. Wọ́n ní kò burú. Nígbà tó yá, adùn ẹyin padà, àwọn ènìyàn padà. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi kọ́ wọn pé oúnjẹ ló ń ba ẹyin jẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n fi pamọ́, òun ni wọ́n sì fi nà mí lọ́dún yìí.

Nínú Àwẹ̀ tó kọjá, Ìdírísù ní òun fẹ́ ṣe sààrà ẹyin sísè fún gbogbo ará mọ́sáláṣí, kí wọ́n fi ṣínu ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn. Inú mi dùn. Mo ní n ó máa kó ẹyin jọ sínú ìkòkò mi, èyí tí mo bu yanrìn sí, tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi. Ibẹ̀ tutù, atẹ́gùn sì ń wọlé. Ìdírísù ní rárá.

"Ẹ̀yin àti ìkòkò yín! Yàrá yín gbóná, Ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká kó o sí yàrá obì. Bí gbànja bá lè lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ń dán, kí ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ máa ṣe ẹyin?"

Ọ̀rọ̀ oníobì ni. Ẹni tó bá ti ń tọ́jú obì láti kékeré, kò sí ohun tó lè rí tí kò ní fẹ́ tọ́jú bí obì. Èmi náà gbà, nítorí òun ló ń ṣe sààrà.

Lọ́jọ́ tí Raqeebah ìyàwó rẹ̀ wá kó àwọn ẹyin náà, mo ṣa tìrẹ sílẹ̀ nínú wọn. Mo tò wọ́n sínú agbọ̀n kékeré, mo da eèrí gbígbẹ sí i, mo fi rán Olúdọ̀tun. Àwọn yòókù ni Raqeebah kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bá a níbi tó ti ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ń fọ ẹyin?"

Ó ní, "Màmá, ìgbẹ́ adìẹ wà lára rẹ̀. A ò lè fún àwọn èèyàn Ọlọ́run ní ẹyin ẹlẹ́gbin."

Ẹyin tí a bá ti fọ̀, ojú ara rẹ̀ ti là. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń fà mu. Ìwọ náà rántí ẹyin tí ìyá wa gbé sẹ́bàá kẹrosíìnì, tí a kò lè jẹ. Ṣùgbọ́n mo rò pé afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú yàrá obì. Láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣú ni mi ò ti wọ ibẹ̀ mọ́. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo bá tèmi lọ.

Bí wọ́n ti ń ṣe gbànja ni wọ́n ṣe àwọn ẹyin náà. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi ewé tẹ́ agbọ̀n, wọ́n tò ó, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n wá fi ọ̀rá dì í pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọ ọ́. Ohun tó wà lábẹ́ ewé náà, n ó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ ìṣínu pé. Àwa obìnrin wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwa, wọ́n pín ẹyin kárí. Ìyá Àdínì, olórí àwa alásàlátù, ló kọ́kọ́ bó tirẹ̀. Ó gé e jẹ, ó dúró, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, "Kí lèyí? Ó ń ta mí lẹ́nu. Ó korò."

Ẹlòmíràn ní, "Èmi rò pé ẹnu àwẹ̀ ni."

Ọmọ kan bì sórí ẹní. Kí a tó gbá a, wọ́n ti ń wo ojú mi. Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ ò rántí ti ẹja ọjọ́sí? Ọlọ́run ló mọ ohun tí ìyá yìí tún fún adìẹ jẹ." Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Èmi mọ̀ ọ́n. Mo rí i tó ń bọ̀ láti abẹ́ igi obì láàárọ̀, igbá ìdin ló gbé dání."

Mo ní, "Ikán ni."

Ó ní, "Ìdin, ikán, kí ni ìyàtọ̀? Ṣebí gbogbo wọn ló ń rìn."

Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Nínú mọ́sáláṣí, lẹ́nu àwẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ẹlẹ́yin ti di Ìyá Onídin.

Ààfáà Abdullateef ṣe tirẹ̀ bó ti yẹ, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé adìẹ ń jẹ ẹ̀gbin, kí wọ́n sé e mọ́lé, kí wọ́n máa fún un ní oúnjẹ tó mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́, kò sí ohun tó ṣe é lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ ni ó wí. "Bí ó bá jẹ́" yìí kò bá wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó bá wọn délé ni ohun tí Ìdírísù ọmọ mi sọ. Ó dìde ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkùnrin, ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Ààfáà kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ foríjì mí, ẹ foríji ìyá mi. Ọjọ́ ogbó ti dé sí wọn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́."

Kò bi mí léèrè. Kò wá bá mi kí ó tó dìde. Ẹni tó bá tọrọ àforíjì nítorí ẹlòmíràn ti dá a lẹ́bi tán. Bí ará ìta bá sọ pé mo fi ìdin bọ́ adìẹ, n ó bá a fà á. Ọmọ mi ló sọ ọ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ta ni n ó bá fà á?

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Moyọ̀sọ́lá, tí wọ́n ti fún òun àti ọmọ rẹ̀ nínú ẹyin sààrà náà lálẹ́, gbé àwọn ẹyin tó rà lọ́wọ́ mi padà wá. Inú ìkòkò mi ló ti rà wọ́n, wọn kò dé yàrá obì rí. Kò tilẹ̀ tíì sè wọ́n. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, Tìmílẹ́hìn ni ò fẹ́ràn ẹyin mọ́." Tìmílẹ́hìn tó ń yọ́ wá bá mi lójoojúmọ́ pé kí n fún òun ní ẹyin! Moyọ̀sọ́lá, kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Lẹ́yìn ìtúnu, mo lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Wọ́n ní kí n má jẹun láti òwúrọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà. Ọjọ́ ti rọ̀ kí n tó padà dé. Mo ti mọ̀ láti ojú títì pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, nítorí adìẹ kì í dákẹ́ ní àkókò tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa wọ̀. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, ìlẹ̀kùn ilé adìẹ ń mì fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀.

Raqeebah ní, "Màmá, bàbá àwọn ọmọ ní kí wọ́n kó wọn lọ sọ́jà, kí ọ̀rọ̀ yẹn lè tán nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín tún ru."

Wọ́n ti pa ọ̀kan sílẹ̀. Adìẹ aṣá mi ni, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè kọ́lọ́kọ́lọ́. Wọ́n gbé ọbẹ̀ rẹ̀ wá fún mi. O ń retí kí n sọ pé n kò lè jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹran, mo fọ́ eegun, mo gbọ́ òórùn eegun náà. Kò rùn. Kò ta mí lẹ́nu. Ẹran tó dùn ni.

Mo pe Raqeebah, mo ní, "Bí ìdin bá ń wọ inú ẹyin, ṣé kì í wọ inú ẹran ni?"

Ó kó abọ́, ó bọ́ sílé ìdáná.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ iyọ̀, Raqeebah ni mo ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo bá fẹ́ ọṣẹ, òun ni. Kò ṣe mí níbi, ṣùgbọ́n ó máa ń bi mí pé, "Èyí tí mo fún yín lọ́jọ́sí ti tán?" Lìádì, láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, n kò bẹ ẹnikẹ́ni fún iyọ̀ rí. Ìdí adìẹ ni iyọ̀ mi ti ń wá. Bí mo bá ń kọjá lọ níbi ìpọnmi, àwọn ọmọ a máa jó kòkòrò fún mi pẹ̀lú ìka ọwọ́ wọn. Mi ò na ìkankan nínú wọn. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Báyìí ni mo wà títí iṣẹ́ rẹ fi dé. Nígbà tí Olúdọ̀tun ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, mo ṣì jókòó lórí odó. Adìẹ kan náà ló yé wọn. Ikán kan náà, eèrí kan náà. Tìrẹ dùn, tiwọn korò. Ohun tó yàtọ̀ kò ju ibi tí wọ́n sùn sí lọ.

Mo ní kí Moyọ̀sọ́lá bá mi ra ẹyin àgíríìkì díẹ̀ lẹ́bàá títì, ẹyin adìẹ tí kò fojú kan ikán rí. Ìdírísù wà ní Ṣàgámù lọ́jọ́ náà. Mo gba kọ́kọ́rọ́ yàrá obì lọ́wọ́ Raqeebah, mo ní mo fẹ́ mú agbọ̀n. Ẹnu ọ̀nà ni òórùn ti pàdé mi. Mo ti ọwọ́ bọ ìdí agbọ̀n, abẹ́ ewé, ọwọ́ mi kan lẹ́búlẹ́bú kan. Oògùn kòkòrò ni, èyí tí wọ́n ń bù sí obì kí kòkòrò má baà dá a lu. Mo sín títí omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí èmi àti ìwọ ń bá ìyá wa ṣe obì, ṣebí à ń tú agbọ̀n palẹ̀ ni, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, a ó pààrọ̀ ewé. Iṣẹ́ ni. Wọn kò fẹ́ ṣe é mọ́.

Mo fi ọṣẹ fọ ìdajì àwọn ẹyin àgíríìkì náà bí Raqeebah ti ṣe, mo tò wọ́n sínú agbọ̀n kan nínú yàrá obì, mo fi ewé àti ọ̀rá bò wọ́n. Mo kó ìdajì tó kù sínú ìkòkò oníyanrìn mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo sè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, mo sì tu ú. Mo wá pe Moyọ̀sọ́lá. Ó jẹ ti ìkòkò, ó ní ó dára. Mo ní kí ó fi èkejì kan ahọ́n, kí ó má gbé e mì. Ó fi kan ahọ́n, ó sáré jáde. Nígbà tó wọlé padà, ó ní, "Ìyá, ẹyin adìẹ yín àtijọ́ nìyí! Níbo lẹ ti rí i?"

Mo ní, "Ẹyin àgíríìkì tí o fi ọwọ́ ara rẹ rà ni."

Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní kí ó dìde, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó lo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Ọjọ́ náà lòní.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé ẹyin méjèèjì síwájú Ìdírísù. Mo ní kí ó gbọ́ òórùn wọn. Ó gbé èkejì sí imú, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Lìádì, ǹjẹ́ o mọ ohun tó ṣe? Ó dìde, ó ti ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Ìyá mi, ta lẹ ti sọ fún?"

Kò ní, "Ẹ jọ̀wọ́." Kò ní, "Mo ṣẹ̀ yín." Ta lẹ ti sọ fún.

Mo ní kò kàn án. Mo ní ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀: ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ó dìde níbi tó ti dìde lọ́jọ́ náà, kí ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó gbà lọ́jọ́ náà, kí ó sọ pé yàrá obì òun ló ba ẹyin jẹ́, kì í ṣe adìẹ ìyá òun.

Ó ní, "Ìyá mi, bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ra obì mi? Oògùn yẹn, kì í ṣe èmi nìkan ló ń lò ó. Ẹ jẹ́ n ra adìẹ àgíríìkì fún yín, pẹ̀lú ilé wáyà tó dára."

Mo ní n kò fẹ́ wáyà. Ó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí, nígbà tó sú u, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti dàgbà. Orúkọ kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Ìwọ tí o kò tíì dàgbà, orúkọ ta ni o ń jẹ?"

Raqeebah ní láti ilé ìdáná pé, "Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló fọ ẹyin.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò fọ́ ní tirẹ̀. Wọ́n gbé e pamọ́ títí ó fi rùn.

Láti ọjọ́ Àìkú náà ni mi ò ti sùn dáadáa, kì í sì í ṣe nítorí orúkọ mi. Ọmọ mi ni Ìdírísù, n kò ní òmíràn. Obì tí mo rù lórí ni mo fi tọ́ ọ. Bí ọjà rẹ̀ bá kú, èmi náà ni kò ní rí iyọ̀ tọrọ. Mo ti ro gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹyin ní èèpo, oògùn náà sì gba ara èèpo wọ ọ́. Obì tí wọ́n ti bó ńkọ́, tó sùn sínú agbọ̀n kan náà fún oṣù mélòó kan? Nígbà tó wọ ẹyin, a mọ̀, nítorí ẹyin kì í korò. Wọ́n tu ú dànù, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, ó tán. Ṣùgbọ́n obì korò láti ìdí igi wá. Ta ni yóò mọ̀?

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Obì tí Ìdírísù fi ránṣẹ́ sí ọ ní Iléyá, bí ọ̀kan bá wà lẹ́nu rẹ bí wọ́n ti ń ka ìwé yìí, tu ú. Kí Hàmdálátù ri ìyókù mọ́lẹ̀, kí ó má sì sọ ọ́ sí ibi tí ewúrẹ́ ti lè rí i.

Bá mi kí ọkọ Hàmdálátù. Bá mi kí àwọn aládùúgbò rẹ tó ń béèrè mi. Moyọ̀sọ́lá náà ní kí n kí ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́ rí.

Ní Jímọ̀, wá sí Likosi; Ìyá Àdínì ni ẹni tí o máa sọ fún pẹ̀lú ẹnu ara rẹ, níwájú àwọn alásàlátù, pé o jẹ nínú ẹyin náà, ó sì dùn. Kí Olúdọ̀tun náà sọ pé òun ló gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èyí lè dúró di Jímọ̀; orúkọ mi ti ń rùn bọ̀ láti ìgbà Àwẹ̀, ó lè rùn di Jímọ̀. Bí Ìdírísù bá dìde fúnra rẹ̀ kí o tó lanu, jókòó, má sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hàrúnà kò lè dúró; ìdí nìyẹn tí Olúdọ̀tun fi gbọ́dọ̀ mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ yín lónìí. Òun ni ará Òkè Ọya tó ń ra obì lọ́wọ́ Ìdírísù, tó wọ̀ sílé tó dojú kọ tiyín. Moyọ̀sọ́lá ní Ọjọ́bọ̀ ló máa kó ẹrù. Mo ti rí i tó ń jẹ obì náà bí ó ti ń kà á, mo sì mọ̀ pé ó ń mú un lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Hàmdálátù, bí o bá ti ka ìwé yìí tán, má jókòó. Rékọjá sí òdìkejì títì, pe Hàrúnà síta, kí o sọ fún un kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Bí ó bá béèrè ẹni tó sọ ọ́, má fi orúkọ mi pamọ́. Sọ pé ìyá Ìdírísù ni.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ṣì mọ ohun tó ń ṣe,
Hàbíbátù.